Ẹ Má Yọ Oògùn Sátidé Sílẹ̀ Nítorí Nọ́mbà Ojú Aago

Àkànní, ọmọ mi,

Ẹ má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀, Dádì. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí bàbá tó bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ fún mi láyè láti kékeré. Lẹ́yìn tí bàbá yín kú ni wọ́n bí mi, wọ́n sọ mí ní Babátúndé, láti ọjọ́ náà "Bàbá mi" lẹ ń pè mí. Ìyá àgbà tó tọ́ mi lábúlé a máa kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi," nígbà tí ikun imú ṣì wà ní ètè mi. Bí ẹ bá wálé láti Èkó nígbà Kérésì, tí mo nawọ́ sí abọ́ yín, tí mo ní, "Àkànní, ẹran yẹn wù mí," ẹ ó tẹrí ba, ẹ ó ní, "Ẹ gbà, Bàbá mi." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á jẹ ẹran tèmi, màá tún jẹ tiyín.

Mo fẹ́ lo ipò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí, kí n tó gbé e kalẹ̀. Irú lẹ́tà tí bàbá máa ń kọ sí ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun ni mò ń kọ sí yín. Nǹkan tuntun tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí lẹ máa padà sórí kẹ̀kẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ṣubú lórí afárá Òṣòdì. Dókítà ti gbà. Èmi náà ti gbà. Ohun tí mi ò gbà ni ohun tí Mọ́mì pè mí láti sọ fún mi lánàá.

Wọ́n ní, "Túndé, bàbá ẹ ti yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti Sátidé sọ́tọ̀ o. Ó ní òun ò ní lò ó lọ́jọ́ yẹn. Ó ní oògùn náà ló ń fa ọkàn òun sẹ́yìn, tí nọ́mbà kì í fi í gòkè lójú aago."

Mo pè yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ.

Mo ní, "Dádì, ẹ máa lo oògùn yín."

Ẹ ní, "Ta ló ní kí n dé nọ́mbà yẹn?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ó parí náà. Bàbá mi ní kí n dé ibì kan, mi ò sì tíì dé'bẹ̀. Oògùn ni kò jẹ́. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Pé ẹ máa kú ló burú!"

Ẹ pa fóònù. Ẹ jàre. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, mo sì ti fọ́ ẹyin púpọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Àwa méjèèjì, bí àgbò méjì la rí lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí yàrá mi ní Òkè-Àfà, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé ò lè pariwo mọ́ yín. Ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ kà á jẹ́jẹ́.

Dádì, nọ́mbà yẹn kì í ṣe òtítọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tí ẹ sì dara pọ̀ mọ́ Bàbá Káyọ̀dé àti àwọn àgbà Ire-Akari tó ń gùn ún ní àárọ̀ Sátidé, inú mi dùn. Ara yín ń fúyẹ́. Mọ́mì ní ẹ ò kùn mọ́ bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Ó yẹ kí n fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ńlá kan ṣe ní Àjàó Estate nígbà náà, gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n gbé fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ti di ènìyàn. Mo ra aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Mo wo inú fóònù mi, mo rí i pé kí a yọ ọjọ́ orí ènìyàn kúrò nínú igba ó lé ogún, kí a wá mú díẹ̀ kúrò nínú èyí tó bá kù. Mo ṣírò rẹ̀ fún yín. Mo wá ṣètò aago náà pé kó máa ké bí ọkàn yín bá rẹlẹ̀ sí ohun tí mo ṣírò. Mo ní, "Bó bá ti ké, ẹ mọ̀ pé ẹ ń ṣe ọ̀lẹ nìyẹn."

Ẹ bi mí nígbà náà pé, "Ṣé ká má mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà kí wọ́n bá wa wò ó?"

Mo ní, "Kí ni dókítà mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́?"

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Bàbá mi ti sọ ọ́." Ẹ sì na ọwọ́ sí mi kí n bá yín de okùn rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn kò pa ènìyàn. Ní ilé ẹlòmíràn, kò ní pa á. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ òmùgọ̀, bàbá rẹ̀ á ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ẹ̀yin ò ní irú rẹ̀ lẹ́nu fún mi rí. Ohùn bàbá yín lẹ ń gbọ́ nínú ohùn mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń lò ó bí ẹni ń lo ohun ìní ara rẹ̀.

Sátidé tí ẹ ṣubú, èmi náà yá kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ lé yín. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i bí ẹ ó ṣe dé nọ́mbà náà. Láti Àjàó Estate títí tí a fi kọjá Máfolúkù, ẹ ò sọ ìtàn ewúrẹ́. Ta ni kò mọ ìtàn náà nínú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́? Bí ewúrẹ́ ṣe já nínú ilé ẹrù, bí ọ̀gá yín ṣe sá gun orí àpótí, bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ìwé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sí Sátidé tí ẹ kì í sọ ọ́, Bàbá Káyọ̀dé á sì máa kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ewúrẹ́ yẹn ò tíì kú ni? Ẹ pa á ká jẹ ẹ́ jàre!" Lọ́jọ́ yẹn ẹ dákẹ́. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé etí wa sinmi. Mi ò mọ̀ pé èémí tí ẹ máa fi sọ ọ́ ni kò sí.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun afárá, aago ń ké. Ẹ wojú mi, ẹ ní, "Bàbá mi... èémí... ò tó mi."

Mo dá yín lóhùn pé, "Ẹni tó ṣì lè sọ̀rọ̀, èémí ẹ̀ tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Bàbá Káyọ̀dé ní, "Túndé, fi bàbá ẹ sílẹ̀ kó sinmi."

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ sinmi, sà. Bàbá tèmi kì í ṣe arúgbó."

Ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Kí a tó dé góńgó afárá, kẹ̀kẹ́ yín yà bàrá, ẹ fara ti irin ẹ̀gbẹ́ afárá, ẹ sì yọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó jábọ́ lórí okùn. Ọwọ́ yín wà láyà yín. Aago ṣì ń ké. Ẹ ti wà nílẹ̀, ó ṣì ń pè yín ní ọ̀lẹ, nítorí bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Títí di òní, bí nǹkan bá ké pí ní ilé oníbàárà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kí n tó mọ̀.

Mo lè gbàgbé afárá yẹn bó bá yá. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin yẹn bọ́ aago lọ́wọ́ yín, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní, "Ta ló ṣètò èyí fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?" Kí n tó la ẹnu, ẹ ti dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Èmi ni, Dókítà. Ìwà àgbàyà ni."

Ó bá yín wí níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọ tó tó báyìí!" Ẹ ní, "Ẹ má bínú, màá." Èmi tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ gba ìbáwí mi. Èmi tí ẹ ń pè ní bàbá, ẹ̀yìn yín ni mo sá sí.

Mo ti padà lọ bá dókítà náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo ní, "Màá, èmi ni mo ṣètò aago yẹn." Ó wò mí, ó ní òun ti mọ̀, pé ojú mi ló sọ fún òun lọ́jọ́ náà. Ó wá ní kí n jókòó, ó ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti bi í kí n tó fọwọ́ kan ọwọ́ yín. Ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Èkínní, oògùn yín. Dókítà ní ìjánu ni oògùn náà jẹ́ fún ọkàn yín. Òun ni kì í jẹ́ kí ó sáré kọjá agbára rẹ̀. Nọ́mbà tí mo rí nínú fóònù, ti ẹṣin tí kò ní ìjánu ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè dé e, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ lẹ ń ṣe. Mò ń na ẹṣin tí wọ́n fi ìjánu sí lẹ́nu, mò ń bínú pé kò sáré. Mo wá bi í, nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé ẹ máa gbèrò rẹ̀, pé bí ènìyàn bá wá yọ oògùn ọjọ́ kan sílẹ̀ ńkọ́? Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní ẹni tó bá já ìjánu lójijì, ọkàn rẹ̀ lè ta kìjí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe wàhálà. Dádì, kò sí ọjọ́ tó burú láti yọ oògùn yẹn sílẹ̀ tó Sátidé. Bí kò bá bá yín lára mu, ẹ jẹ́ ká jọ padà lọ sọ fún dókítà kó yí i padà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Èkejì ni aago. Ó wà lọ́wọ́ mi, mo ti pa gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ rẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ rìn lórí ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n lẹ okùn mọ́ yín láyà. Níbẹ̀ ni dókítà ti rí nọ́mbà tó jẹ́ tiyín, òun ló sì kọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe ibi tí ẹ máa dé ni. Òrùlé ni, ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ fi orí kàn. Bí aago bá ké báyìí, ẹ rọra ni ó ń wí. Bí kò bá ké láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin, ọjọ́ náà dára nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún yín láti gbà pé aago tó dákẹ́ ló ń yìn yín.

Ẹ dè é dáadáa, kó ga díẹ̀ sí eegun ọrùn ọwọ́, kó má máa yọ̀ nínú òógùn, torí bó bá tú, irọ́ ló máa pa. Bó bá sọ ohun tí kò yé yín, ẹ dúró, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ fúnra yín kà á. Ṣùgbọ́n bó bá ní gbogbo rẹ̀ dára, tí ara yín ní kò dára, ara yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn ewúrẹ́. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ láti ẹnu géètì. Dókítà ní ohun tó dájú ju aago lọ fún ẹni tó ń lo irú oògùn yín ni ẹnu rẹ̀: bí ẹ bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìjá a, ẹ ń lọ bó ṣe yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde lórí afárá, ẹ ti kọjá ààlà. Ó sọ ọ́ fún mi tán, mo bojú wo ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí n fi dá yín dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fi lé yín síwájú. Mo ti lọ bẹ Bàbá Káyọ̀dé ní ilé wọn. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, ṣùgbọ́n ṣé àwa ni ká wá máa tọrọ ìtàn ewúrẹ́ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi èrè sí i fún àwọn.

Ẹ máa rò pé níbo ni mo ti kọ́ líle tó báyìí. Ní ilé ìwé wa lábúlé ni. Mo sá eré ìje lọ́dún kan nígbà tí ibà ń ṣe mí, mo dákú lẹ́yìn tí mo dé òpin, tíṣà sì gbé mi sókè níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ọkùnrin nìyí. Mo ti di géńdé kí n tó mọ̀ pé Ìyá àgbà kò bá tíṣà náà sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kúrò ní abúlé wa. Wọ́n ní ẹni tó bá yin ọmọ aláìsàn pé ó sáré, ọ̀tá ọmọ náà ni. Ìyìn tíṣà ni mo gbé wá sí Èkó. Ó dùn mí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ẹ jẹ́ n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. Ẹ má tíì gun afárá kankan títí dókítà á fi tún yín rí. Títì inú Ire-Akari tó tẹ́jú ti tó. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra parí pẹ̀lú, ẹ má ṣàdédé bọ́ sílẹ̀ kí ẹ jókòó gbọ̀ọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí àwọn géńdé tó wọ ṣòkòtò pénpé bá sáré kọjá lára yín, ẹ kí wọn kí wọ́n máa lọ. Ẹ mu omi. Bí àyà bá fún yín, tàbí tí apá tàbí àgbọ̀n bá ń dùn yín, tàbí tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ síta lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ní ó máa lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mọ́mì sọ fún mi pé òòyì ti ń kọ́ yín láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ afárá, pé ẹ ní kí wọ́n má sọ fún Bàbá, kí inú Bàbá má bàjẹ́ sí aago tó rà. Mo ka ojú àjà mọ́jú lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èyí.

Nítorí náà, Dádì, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí bàbá yín nìyí, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́. Bí bàbá yín bá wà níhìn-ín ní tòótọ́, àgbẹ̀ tó ń jókòó sábẹ́ igi bí oòrùn bá ti mú, mi ò rò pé ó máa lé ọmọ rẹ̀ gun òkè. Ó máa ní, "Àkànní, sinmi." Èmi ni mi ò jọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì kàn mí. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àti ọ̀rọ̀ ọkàn yín, ẹ má tún gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́ láé. Ẹ gbọ́ ti dókítà. Ẹ gbọ́ ti ara yín. Bí mo bá tún sọ pé "ẹ tẹ̀ ẹ́," ẹ ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ.

Mọ́mì ni mo máa fi aago náà rán sí yín pẹ̀lú ìwé yìí. Ní Sátidé, màá wá sí ilé yín ní Àjàó Estate. Mi ò ní gbé kẹ̀kẹ́ wá. Màá jókòó ti Mọ́mì ní ẹnu ọ̀nà títí ẹ ó fi dé, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ẹ bá wọlé, mi ò ní wo ọwọ́ yín. Ojú yín ni màá wò.

Èmi ni,
Babátúndé, ọmọ yín.